Mo Rò Pé Torí Ọmọ Mi Ni Àyà Mi Ṣe Ń Já

Ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn ni mò ń kọ èyí sí, pàápàá ìyá tàbí bàbá tó ní ọmọ kékeré nílé. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, mi ò sì kàwé kọjá girama. Aránṣọ ni mí. Aṣọ ilé ìwé ni mò ń rán ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Bẹẹrẹ, nílùú Ìbàdàn. Àṣìṣe kan wà tí mo ṣe fún oṣù méje gbáko. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ má baà ṣe irú rẹ̀.

Agboolé ọkọ mi wà ní Bẹ́yẹrúnkà. Awakọ̀ tírélà ni ọkọ mi. Bó bá kó ẹrù lọ sí Kánò, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa ni Àníkẹ́, ọmọ ọdún méje sì ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní parọ́, mo máa ń ṣàníyàn lórí ọmọ yìí púpọ̀. Èmi ni mò ń mú un lọ sílé ìwé rẹ̀ lókè Mápó láràárọ̀, èmi náà ni mò ń lọ mú un bọ̀ lọ́sàn-án. Mi ò jẹ́ kó dá títì kọjá rí. Àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi sọ mí ní Adìyẹ Ọlọ́mọ, mo sì ń jẹ́ orúkọ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Mo ń gé aṣọ lọ́wọ́ ni àyà mi já. Ó já lójijì, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ tẹ àtẹ̀gùn kan tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wá ń lù kìkìkì, mo ń gbọ́ ọ létí mi. Ẹ mọ ohun tí a máa ń rò nílẹ̀ wa bí àyà bá já èèyàn láìnídìí. A máa ń ní ara ló ń fu ú, nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí èèyàn rẹ̀ níbì kan. Èèyàn mélòó ni èmi ní? Mo fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀ lórí aṣọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo kọrí sí òkè Mápó. Mo ń sáré díẹ̀, mo ń rìn díẹ̀, títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì wọn.

“Ìyá Àníkẹ́, ṣé kò sí?” ni olùkọ́ wọn bi mí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ó wà níbẹ̀.”

“Ó wà níbí o. Àníkẹ́, dìde dúró kí màámi ẹ rí ẹ.”

Àníkẹ́ dìde, ojú tì í, àwọn ọmọ tó kù ń rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níta fún bí ìdajì wákàtí kí èémí mi tó padà. Mo rò pé òkè tí mo gùn ló fà á.

Láàárín oṣù méje yẹn, ìgbà mọ́kànlá ni àyà mi já bẹ́ẹ̀. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń wọn oníbàárà. Ìgbà mọ́kọ̀ọ̀kànlá ni mo gun òkè yẹn lọ wo ọmọ mi. Láti ìgbà kẹrin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í din àkàrà ṣe sàráà fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, kí aburú má baà ṣẹlẹ̀. Ó wá di pé àwọn ọmọ náà ń bi Àníkẹ́ pé, “Ìgbà wo ni àyà ìyá ẹ tún máa já?” Àkàrà ni wọ́n ń bèèrè. Ìgbà tó sọ ọ́ fún mi, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan mìíràn ti ń wọlé tí mi ò kà sí. Mo ti ń dúró mí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gun ibi tí mi ò ti dúró rí. Ìrọ̀rí kan di méjì, méjì di mẹ́ta, nítorí bí mo bá sùn gbalaja, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé wọ́n gbé àpò ìrẹsì lé mi láyà. Bàtà mi kò gbà mí mọ́ bó bá di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá fi ìka tẹ ọrùn ẹsẹ̀ mi, ojú ibẹ̀ á jìn wọnú, kò sì ní tètè kún.

Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo agboolé ń pè ní Alájà, fẹ́ràn mi. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ má baà ṣì í gbọ́. Ó ní, “Ìyàwó, ọmọ kan ṣoṣo lo tẹjú mọ́ bí ẹni ń wo ẹyin. Ìdí tí àyà fi ń já ẹ nìyẹn. Bí o bá bí àbúrò fún un, àyà ẹ á sinmi.”

Àbúrò ọkọ mi ní tirẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyún. Ó ní ẹsẹ̀ tó wú yẹn, mo ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ní Ọjà'ba ni. Wọ́n bá mi gba hàntú lọ́wọ́ àlùfáà, mo mu ún fún ọjọ́ méje. Alájà náà se àgbo, ó fi kán-ún sí i dáadáa kó lè fa omi ẹsẹ̀ náà jáde. Mo mu èyí náà. Ọjọ́ kẹta ni ẹsẹ̀ mi wú dé orúnkún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín ń wú, ẹ má mu àgbo oníkán-ún, ẹ má sì jẹ iyọ̀ púpọ̀. Èmi ò mọ̀ nígbà náà pé iyọ̀ àti kán-ún ń dá omi dúró sí ara ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bi mí ohun tó ń ṣe mí.

“Àyà mi máa ń já.”

“Kí lẹ ń rò?”

“Ọmọ mi ni.”

“Kí ló ṣe ọmọ yín?”

“Kò sí nǹkan tó ṣe é.”

Obìnrin tó ń dá mi lóhùn gbé bírò sílẹ̀, ó wò mí. Ó ní kí n má máa ronú jù. Oògùn oorun ni wọ́n fún mi, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Ohun tí mo sọ ni ó gbọ́. Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹni tí ẹ̀rù ń bà ń sọ, òun náà ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn ń sọ. Èmi gan-an tí mò ń sọ ọ́ kò mọ èyí tó jẹ́ tèmi.

Ìgbà kejìlá tí àyà mi já, mi ò lè dé òkè. Mo ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń pè mí ní Adìyẹ Ọlọ́mọ ló gbé mi sínú takisí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà ọ̀dọ́ kan fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà mi, ó gbọ́ ẹ̀yìn mi, ó tẹ ẹsẹ̀ mi. Ó ní, “Màá, ẹ̀rù kọ́ ló ń bà yín. Ọkàn yín ló ti rẹ̀.” Ó fún mi ní oògùn tí yóò fa omi ara mi. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ kan ya àwòrán ọkàn náà kí wọ́n tó mọ ohun tó bà jẹ́ gan-an, bóyá oògùn lè tọ́jú rẹ̀ ni, àbí iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rọ yẹn kò ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fún mi jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún sí ọjọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Sìdí, wá láti Mọ́lété. Ó bá mi níbi tí mo ti ń gbìyànjú láti gbé garawa omi. Kò tilẹ̀ kí mi.

“Gbé e sílẹ̀. Àníkẹ́ ń bá mi lọ.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Títí wọ́n á fi wo ọkàn ẹ, tí dókítà á fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé o lè dá tọ́jú ọmọ. Ṣé o fẹ́ kó dé láti ilé ìwé lọ́jọ́ kan kó bá ẹ nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn ni?”

Mo di ẹrù ọmọ náà fúnra mi: aṣọ ilé ìwé méjì, aṣọ ilé mẹ́rin, ìwé rẹ̀, ìyarun rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún, mo ní mo lè kà á. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun kan ṣoṣo tí mò ń wá nílé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ yẹn láti ẹnu dókítà, kí ọmọ mi lè padà wá sílé.

Mọ́lété kò jìnnà sí Bẹ́yẹrúnkà, takisí kan ni. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò lè dúró lẹ́bàá títì fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó jìn. Bó bá ti di aago méjì ọ̀sán, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ dìde lọ mú un ní ilé ìwé. Mo máa ń ronú ẹni tó ń di irun rẹ̀, nítorí orí rẹ̀ máa ń dùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì, kì í sì í sọ fún ẹni tí kò bá mọ̀. Lórí fóònù, ó máa ń bi mí bí àgbàlagbà: “Màámi, ṣé ẹ ti lo oògùn?” Lọ́jọ́ kan, kó tó pa fóònù, mo gbọ́ tó yíjú tó ní, “Mọ́mì, mo ti ń bọ̀.” Àǹtí Sìdí ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Mi ò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Mo rán aṣọ ilé ìwé tuntun fún un. Mo ní ìwọ̀n rẹ̀ nínú ìwé mi, mi ò nílò láti rí i. Ẹ̀gbọ́n mi gbé aṣọ náà padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó ní ó kúrú. Mo ní kò lè kúrú. Ó ní, “Ínǹṣì méjì ló fi kúrú, ìwọ aránṣọ. Ọmọ ń dàgbà.” Mo tú etí aṣọ náà, mo tún un ṣe. Mo pa ìwọ̀n àtijọ́ rẹ́, mo kọ tuntun.

Ọjọ́rú nìkan ni wọ́n ń rí àwa ọlọ́kàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni a ti máa ń wà lórí bẹ́ǹṣì, bẹ́ẹ̀ dókítà kì í dé kó tó di aago mẹ́wàá. Dókítà mẹ́ta ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ti já pa lọ sí ìlú òyìnbó, èkejì ń múra. Àwa aláìsàn fúnra wa ló ń kọ orúkọ ara wa sínú ìwé kan, kí ẹnikẹ́ni má baà gba iwájú ẹlòmíràn. Bàbá kan tí a ń pè ní Bàbá Tíṣà ló ń tọ́jú ìwé náà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ilé rẹ̀ wà ní Òkè Padre, ó sì ti ń dúró de iṣẹ́ abẹ tirẹ̀ ju ọdún kan lọ. Ọjọ́rú kẹta mi, ó rí i pé àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gba àlàyé ní tábìlì ti fi mí sẹ́yìn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

“Kí lo sọ fún wọn ní tábìlì?”

“Mo ní àyà ń já mi, sà.”

“Ta ni àyà kì í já nílùú yìí? Àyà ń já ẹni tó jẹ gbèsè. Àyà ń já ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Sọ ohun tí wọ́n lè kọ sílẹ̀ fún wọn. Ìṣísẹ̀ mélòó lo lè gbé kí o tó dúró mí?”

“Mi ò kà á rí, sà.”

“Aránṣọ ni wọ́n pè ọ́, àbí? Ó wọn gbogbo ará Ìbàdàn, kò wọn ara rẹ̀.”

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ìmọ̀ràn yẹn ni mo gbé lọ sílé, òun náà ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́. Ẹ má sọ pé àyà ń já yín kí ẹ sì dákẹ́. Mo ka ìṣísẹ̀ mi láti ẹnu ọ̀nà yàrá mi sí ibi ẹ̀rọ omi: méjìlélọ́gọ́ta ni mo lè gbé kí n tó dúró. Mo kọ iye ìrọ̀rí tí mo fi ń sùn. Mo fi téèpù wọn ọrùn ẹsẹ̀ mi láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, mo kọ méjèèjì sílẹ̀. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìwé náà síwájú dókítà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbójú sókè wò mí pẹ́ nìyẹn. Ó pààrọ̀ oògùn mi lójú ẹsẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bàtà mi ti ń gbà mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún pé. Mo wọ aṣọ tó dára, mo débẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ náà ti bà jẹ́ láti ọjọ́ Ajé, ẹni tó ń tún un ṣe ń bọ̀ láti Èkó. Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i. Kó tó pé, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Mo pe Àǹtí Sìdí. Mo ní kó dá ọmọ mi padà fún mi láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Mo gbọ́. Ṣé o ti lè gbé garawa?” Mo pa fóònù. Àwọn oògùn mi ń gbówó lórí lákòókò náà, mo ta maṣíìnì wíìvù mi, èyí tí mo fi ń di etí aṣọ, kí n lè máa rà wọ́n lọ. Mo mọ àwọn tó dá tiwọn dúró nítorí wọn ò rí dókítà. Ẹ má dá a dúró.

Ìgbà tí ìyanṣẹ́lódì parí tí a padà sórí bẹ́ǹṣì, ìyàwó Bàbá Tíṣà ló mú ìwé orúkọ náà wá. Ó ní tiwa ni, òun wá dá a padà. Aṣọ ọ̀fọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹnì kan gbà á, ó ṣí i sí ojú ìwé tuntun, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ.

Ọ̀sẹ̀ kọkàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n tó ya àwòrán ọkàn mi. Mo mú Alájà dání kó lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Dókítà ní ọkàn ní ilẹ̀kùn mẹ́rin, ọ̀kan nínú tèmi kì í pa dé tán, ẹ̀jẹ̀ tó ti jáde á tún máa yọ́ padà. Ó bi mí bóyá ọ̀fun máa ń dùn mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí oríkèé ara mi á sì wú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ìgbà. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ọ̀fun bá ń dun ọmọ yín léraléra, ẹ má fi omi oníyọ̀ nìkan tọ́jú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbọ́ àyà Àníkẹ́ náà lọ́jọ́ mìíràn. Tirẹ̀ mọ́.

Dókítà ní bó pẹ́ bó yá, mo máa nílò iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì máa kọ orúkọ mi sílẹ̀. Mo bi í nípa oyún, ó ní kí n má dán an wò kí wọ́n tó tún ilẹ̀kùn náà ṣe. Alájà wo ilẹ̀. Nínú takisí, ó ní, “N kò mọ̀, ìyàwó. Kí Ọlọ́run má bi mí.” Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń se ọbẹ̀ mi láìní iyọ̀, tí ó sì ń ráhùn pé omi ìfọwọ́ lòun ń sè.

Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò níwájú dókítà lọ́jọ́ náà, mo béèrè ohun tí mo wá béèrè. Dókítà ní, “Ẹ lè gbé pẹ̀lú ọmọ yín, màá. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ máa gun òkè Mápó lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.”

Lọ́jọ́ Sátidé, Àǹtí Sìdí mú un dé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Orí rẹ̀ ti dé èjìká mi. Nígbà tí a jẹun tán, mo gbé ọ̀rọ̀ ilé ìwé kalẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà ní Kánò, orúnkún ń dun Alájà, mi ò sì lè fi ọmọ mi sẹ́yìn ọlọ́kadà.

“Mo máa dá lọ,” ni Àníkẹ́ wí. “Mo máa ń dá lọ láti Mọ́lété.”

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo àwo ọbẹ̀.

“Ìwọ nìkan? Láti ìgbà wo?”

“Ó ti pẹ́. Mo máa ń wo ọ̀tún, mo máa ń wo òsì, mo tún máa ń wo ọ̀tún. Tí ọkọ̀ bá pọ̀, mo máa ń dúró ti àwọn àgbàlagbà tó bá fẹ́ sọdá.”

Gbogbo ìgbà tí mò ń yánhànhàn fún ọmọ tí mo ń fà lọ́wọ́, ọmọ náà ti ń dá títì kọjá.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá rèé tó ti padà wá. Oògùn mẹ́ta ni mò ń lò lójúmọ́, mi ò fo ọjọ́ kan rí. Ìgò omi kan ni dókítà ní kí n máa mu lóòjọ́, mo ti sàmì sí i. Ìrọ̀rí kan ni mo fi ń sùn. Ìṣísẹ̀ mi ti di òjì-lé-lọ́ọ̀ọ́dúnrún kí n tó dúró mí. Orúkọ mi wà nínú ìwé àwọn tó ń retí iṣẹ́ abẹ, wọn ò tíì dá ọjọ́ fún mi, mo sì ń lọ ní Ọjọ́rú mi bó ṣe yẹ. Mò ń ránṣọ, ṣùgbọ́n mi ò gba iṣẹ́ púpọ̀. Mo ń ṣàárò ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ mi lọ́nà òkè yẹn. Ọwọ́ ọmọ máa ń gbóná láàárọ̀.

Mo máa ń bá a dé ẹnu ọ̀nà agboolé láràárọ̀ bó bá ń dá lọ sílé ìwé. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí Alájà máa ń jókòó lé.

“Màámi, ẹ jókòó,” ni ó máa ń wí. “Tí ẹ bá wà ní ìdúró, mi ò ní lè lọ.”

Mo máa ń jókòó, kó lè lọ.